Ẹkún Tí A Kò Bá Ẹfúnṣetán Sun

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí a bá dárúkọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà fún ẹni tí ó ka ìwé Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́, ìwà ìkà ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Kò yani lẹ́nu. Eré-onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé jáde ní 1970 dùn ún kà, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ múná, kò sì sí ẹni tí yóò rí bí Ìyálóde ṣe pàṣẹ kí wọ́n bẹ́ orí Adétutù, ẹrúbìnrin tí ó lóyún, tí inú rẹ̀ kò ní bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú eré náà tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fò kọjá.

Kí ni ó sọ obìnrin ọlọ́rọ̀ yìí di ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ tuntun nínú agbo ilé rẹ̀? Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí ni ó kú lórí ìkúnlẹ̀. Ọ̀fọ̀ ni ìdí òfin rẹ̀ pé ẹrú kankan kò gbọdọ̀ lóyún. Òǹkọ̀wé jẹ́ kí a mọ èyí, ó sì ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tí ó wá bẹ Ìyálóde, ẹ̀mí Adétutù ni wọ́n wá tọrọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀fọ̀ kì í dá ìpànìyàn láre. Àmọ́ ta ni ó jókòó ti ìyá tí ó ṣọ̀fọ̀ kí ó tó di apànìyàn? Owó wà, ẹrú wà. Alábàárò tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ ọ́ létí ni a kò rí.

Ẹ tún wo ìparí eré. Ìtàn Ìbàdàn sọ pé wọ́n pa Ẹfúnṣetán ni ní 1874, lẹ́yìn tí Ààrẹ Látòóṣà ti rọ̀ ọ́ lóyè. Nínú eré, òun fúnra rẹ̀ ni ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dójú tì í. Òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ láti yí ìtàn padà, ṣùgbọ́n ọmọdé lè kọ́ nínú àyípadà yìí pé ibi tí ìtìjú bá dé, ikú nìkan ni ó kù. Òwe wa pàápàá gbè é lẹ́yìn: ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi kò gbà. Ẹ̀sín a máa kọjá lọ. Ẹni tí ó kú kì í padà wá.

Àwa tí a sì máa ń sọ fún ẹni tí ọ̀ràn dé bá pé kí ó ṣe sùúrù, kí a rántí Ànábì Yaakubu. Ó sunkún Yusufu títí ojú rẹ̀ fi fọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá a wí. Síbẹ̀ onísùúrù ni. Ẹkún kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni Ẹfúnṣetán ti wá. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá kan náà, ní Aro lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọpọlọ lọ́nà tuntun ní 1954. Kò ti aláìsàn mọ́lé. Ẹbí rẹ̀ kan a bá a wá, wọn a máa gbé láàrin àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Aláìsàn a máa gba oògùn, a sì máa bá wọn ṣiṣẹ́ oko. Ènìyàn, tí Ẹfúnṣetán kò rí, ni Lambo fi kún oògùn. Ilé ìwòsàn náà wà níbẹ̀ títí di òní, lílọ síbẹ̀ kò sì sọ ẹnikẹ́ni di ẹni ẹ̀gàn.

Ní Ìjẹ̀bú tiwa, a ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, aṣọ kan náà ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dákẹ́ lójijì, tí kò jẹun, tí kò rí oorun sùn, tí ó ń sọ pé ayé sú òun, ẹ má dúró de ọjọ́ aṣọ. Ẹ lọ jókòó tì í, ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀, kí ẹ sì sìn ín dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Kí àwọn olùkọ́ tí ń fi eré yìí kọ́ni fi ìbéèrè kan kún ìbéèrè wọn. Bí wọ́n bá ti bi àwọn ọmọ pé kí ni Ẹfúnṣetán ṣe, kí wọ́n tún bi wọ́n pé: ta ni ó yẹ kí ó ti lọ bá a?