Ilé Àlejò, Ojú Àlejò: Kíka Ìwé Peter Mayle ní Abidjan

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí kì í ṣe èébú. Ohun tí ó ń fà yọ ni pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú a máa wo ohun gbogbo, síbẹ̀ kì í mọ ohun tí ó gbé ohun tí ó ń wò ró. Òwe náà ṣe é fi díwọ̀n ẹ̀yà lítíréṣọ̀ kan tí ó ti gbilẹ̀ ní Yúróòpù: ìwé tí àlejò kọ nípa bí òun ṣe ra ilé sí ìgbèríko gúúsù ilẹ̀ Faransé, bí òun ṣe tún un ṣe, àti bí òun ṣe di ará ibẹ̀. Ọ̀kan nínú èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ni A Year in Provence, tí Peter Mayle, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1989.

Ìwé náà dùn, ó sì yẹ ní kíkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á ní Abidjan, ìlú tí àlejò kún fọ́fọ́, yóò rí i pé ó dákẹ́ lórí nǹkan méjì: òfin tí ó jẹ́ kí àlejò di onílé, àti irú àlejò mìíràn tí ó ń gbé inú ilé kan náà láìní ìpín kankan níbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ méjèèjì yìí ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò.

Ẹ̀rín Onílé

Ìtàn inú ìwé Mayle kò lọ́jú pọ̀. Òun, tí ó ti ṣe iṣẹ́ ìpolówó ọjà rí, àti ìyàwó rẹ̀ ra ilé oko olókùúta kan tí ó ti tó igba ọdún ní agbègbè Lubéron, láàárín Ménerbes àti Bonnieux. Orí méjìlá ni ìwé náà ní. Oṣù kọ̀ọ̀kan ní orí tirẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní, afẹ́fẹ́ líle tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní mistral gbé òtútù dé, àwọn páìpù omi sì bẹ́. Láti ìgbà náà lọ, àtúnṣe ilé ni ó ń ti ìtàn síwájú. Àwọn bíríkìlà á dé, wọ́n á wó ògiri, wọ́n á sì bá iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ. Púlọ́ńbà á dé, á wàásù bí ọ̀jọ̀gbọ́n, á sì kọrí sí ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí ọdún ń parí lọ ni tọkọtaya náà ta ọgbọ́n kan: wọ́n pe gbogbo àwọn oníṣẹ́ náà síbi àríyá pẹ̀lú àwọn ìyàwó wọn. Ta ni yóò fẹ́ kí ìyàwó òun rí iṣẹ́ tí òun pa tì? Iṣẹ́ náà sì parí.

Ọgbọ́n ìsọ̀tàn tí ó wà níhìn-ín rọrùn láti rí. Asọ̀tàn fi ara rẹ̀ ṣe ẹni yẹ̀yẹ́: òun ni kò gbọ́ èdè dáadáa, òun ni gbogbo ènìyàn ń dá dúró. Òǹkàwé a bá a rẹ́rìn-ín, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà bo òtítọ́ kan mọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń dá dúró yìí ni ó ni ilé, òun náà ni ó ni ilẹ̀. Faustin, aládùúgbò rẹ̀, ni ó ń tọ́jú ọgbà àjàrà tí ó yí ilé náà ká. Onílẹ̀ ni ó ń sanwó igi àjàrà tuntun. Faustin ń ṣe iṣẹ́ oko, ó sì ń gba ìdá méjì nínú mẹ́ta èrè, onílẹ̀ ń gba ìdá kan. Mayle mẹ́nu ba ètò yìí, kò sì dúró lé e lórí.

Òǹkàwé ní Côte d'Ivoire kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ kọjá. Ní oko kòkó àti kọfí ibẹ̀, àwọn ènìyàn mọ ètò ìpín mẹ́ta bí ẹní mọ owó. Abusan ni wọ́n ń pè é. Òṣìṣẹ́ a gba ìdá kan, olóko a gba ìdá méjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti gba irú ìpín yìí ni ó jẹ́ àlejò láti Burkina Faso àti Mali. Ní Lubéron inú ìwé Mayle, àlejò ni onílẹ̀, ọmọ onílùú ni ó ń roko. Ní oko kòkó, ọmọ onílùú ni onílẹ̀, àlejò ni ó ń roko. Òwe kan náà ni, ṣùgbọ́n àlejò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Owó wà nínú ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Òfin náà wà níbẹ̀.

Òfin Tí Ìwé Kò Sọ

Ní ilẹ̀ Faransé, àlejò kò ní láti di ọmọ orílẹ̀-èdè kí ó tó ra ilé. Iwájú nọ́tẹ́ẹ̀, ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti fi òǹtẹ̀ lu ìwé ilẹ̀, ni olùtà àti olùrà ti ń parí ọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ oko, àjọ kan tí ń jẹ́ SAFER lè lo ẹ̀tọ́ láti rà á ṣáájú olùrà, kí ilẹ̀ má baà bọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó lówó ti dé ẹnu-ọ̀nà.

Ní Côte d'Ivoire, ọ̀nà náà ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 1963, Ààrẹ Houphouët-Boigny kéde pé ẹni tí ó bá mú ilẹ̀ so èso ni ó ni ín, ọ̀rọ̀ yìí sì fún ọ̀pọ̀ àlejò ní ìgboyà láti wọ igbó kòkó. Òfin 98-750 ti ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 1998 wá sọ pé ìjọba, àwọn ẹ̀ka ìjọba àti ẹni tí ó jẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire nìkan ni ó lè ni ilẹ̀ ìgbèríko. Àlejò lè yá ilẹ̀ náà fún ọdún gbọọrọ. Kò lè jẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 2002, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n gbé ka orí tábìlì ní Linas-Marcoussis, nítòsí Paris, ní oṣù Kìn-ín-ní 2003. Ní 2004 ni wọ́n tún òfin náà ṣe kí àwọn ọmọ àlejò tí ó ti ní ilẹ̀ ṣáájú òfin lè jogún rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti mọ èyí, tí ó wá ka ìwé tí ọ̀rọ̀ ìní kò dààmú asọ̀tàn rẹ̀, yóò mọ̀ pé àìdààmú náà kì í ṣe ìwà ẹ̀dá. Ẹ̀tọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ Kan, Ìtumọ̀ Púpọ̀

Iṣẹ́ ìtumọ̀ tilẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ yìí hàn. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì: ọ̀kan fún ilé tí a fi òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù kọ́, èkejì fún ilé tí ọkàn ń sinmi sí. Ìwé Mayle dá lórí bí ẹni tí ó ra àkọ́kọ́ ṣe rí èkejì. Yorùbá ní “ilé” nìkan, ọ̀rọ̀ náà sì gba ògiri, ẹbí àti ìlú ẹni mọ́ra. Síwájú sí i, kíkọ́ ni Yorùbá sábà máa ń sọ pé a kọ́ ilé. Rírà rẹ̀ kò ní iyì kan náà lẹ́nu àwọn àgbà.

Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ jù ni ti àwọn ará Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun òde òní, tí wọ́n ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Òfin 1998 kò kan ilẹ̀ ìgboro; ẹni tí ó lówó lè ra ilé ní Abidjan. Síbẹ̀, Èjìgbò ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ́ ilé sí, èdè Faransé sì ti di ohun tí a ń gbọ́ ní ọjà Èjìgbò. Bí obìnrin oníṣòwò kan ní Treichville bá ní òun ń lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, yàrá rẹ̀ ni. Bí ó bá sọ ọ́ nígbà tí ọdún ń parí lọ, Èjìgbò ni. Ìyàtọ̀ yìí kò sí nínú ìwé Mayle, nítorí pé asọ̀tàn rẹ̀ kò retí láti padà.

Àlejò Kejì Nínú Ilé

Gúúsù ilẹ̀ Faransé kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ etí òkun rẹ̀, ni Ousmane Sembène ti Sẹ̀nẹ̀gàl fi Diouana sí nínú ìtàn kúkúrú La Noire de..., tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ Voltaïque ti 1962, tí ó sì sọ di fíìmù ní 1966. Sembène fúnra rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ èbúté ní Marseille. Diouana ń tọ́jú ọmọ fún tọkọtaya Faransé kan ní Dakar. Wọ́n mú un lọ sí Antibes. Nínú fíìmù náà, gbogbo ilẹ̀ Faransé tí ó retí láti rí di ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti yàrá rẹ̀. Oòrùn tí Mayle ra ilé nítorí rẹ̀ wà lẹ́yìn fèrèsé fún un. Ìbọjú tí ó fi ta àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ́rẹ di ohun ọ̀ṣọ́ lára ògiri. Inú ilé ìwẹ̀ náà ni ó ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Lóòótọ́, Mayle kò fi ìwà ìkà kankan kọ ìwé rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ènìyàn tí ó ní orúkọ, àwàdà àti ilé tiwọn. Ohun tí a ń sọ ni pé àlejò onílé àti àlejò ọmọ ọ̀dọ̀ jẹ́ ojú méjì lára ilé kan. Ẹni tí ó bá kọ́ni ní ọ̀kan láìkọ́ni ní èkejì ti fi àbọ̀ ìtàn lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Abidjan náà ní ojú kẹta. Nínú Un nègre à Paris (1959), Bernard Dadié, tí ó kú ní Abidjan ní 2019, rán Tanhoé Bertin lọ wo àwọn ará Paris. Bertin kò ra ohunkóhun, kò sì sin ẹnikẹ́ni. Ó wò, ó bi ìbéèrè, ó sì kọ lẹ́tà. Nítorí pé kò ní ilé láti gbèjà níbẹ̀, ó rí ohun púpọ̀. Ó fara jọ àwọn ọdẹ inú ìwé Fágúnwà, tí ìrìnàjò wọn kò pé títí wọn yóò fi délé ròyìn.

Ìkádìí

Ìwé Mayle fúnra rẹ̀ ní ẹ̀yìn ìtàn kan. Ó tà gan-an, àwọn òǹkàwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé náà kàn, títí tí òǹkọ̀wé fi kúrò ní Provence fún ọdún díẹ̀ kí ó tó padà. Ẹni tí ó wo àwọn ará ìlú bọ̀ di ẹni tí àlejò ń wò.

Olùkọ́ tí yóò bá lo irú ìwé yìí ní kíláàsì lè gbé ìbéèrè mẹ́ta kalẹ̀: Òfin wo ni ó jẹ́ kí asọ̀tàn ní ilé yìí? Ta ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí sì ni ìpín rẹ̀? Bí asọ̀tàn bá ní òun ń lọ sílé, ibo ni? Lítíréṣọ̀ Yorùbá nílò irú ìwé bẹ́ẹ̀ púpọ̀ sí i láti ọwọ́ àwọn tí wọ́n ti fi ogójì ọdún gbé Treichville tàbí Adjamé, tí òrùlé wọn sì wà ní Èjìgbò. Àlejò tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ti ń fi ojú rẹ̀ ríran. Ohun tí ó kù ni kí ó kọ ọ́ sílẹ̀.