Ẹlẹ́yìn Tí Kì í Dúró Dè Wọ́n

Bí a bá ń wo ẹgbẹ́ tí Ernst Happel kọ́, ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kọ́ ló yẹ ká tẹjú mọ́. Àwọn ẹlẹ́yìn ni. Ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ìgbà náà máa ń kó àwọn ẹlẹ́yìn wọn jọ sẹ́nu gólù, kí wọ́n máa retí ẹni tó ń bọ̀. Àwọn ti Happel kì í retí ẹnikẹ́ni. Wọ́n á jọ sún síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, pápá á há mọ́ alátakò, ẹni tó bá sì fẹ́ sá gba ẹ̀yìn wọn kọjá á bá ara rẹ̀ ní ọ́fúsáìdì. Iṣẹ́ eléwu ni o. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá lọ́ra, ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ẹlẹ́yìn ni Happel náà. Ọmọ Vienna ni, wọ́n bí i ní 1925. Rapid ló gbá bọ́ọ̀lù fún jù lọ, ó gbá a fún Austríà nígbà 51, ó sì wà lára àwọn tó gba ipò kẹta nínú Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé 1954. Ní oṣù kọkànlá 1956, Real Madrid, ẹgbẹ́ tí ife ilẹ̀ Yúróòpù wà lọ́wọ́ rẹ̀, wá sí Vienna. Rapid nà wọ́n ní 3 sí 1, Happel ló sì gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Ẹlẹ́yìn! Real padà borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta tí wọ́n fi yanjú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣe irú èyí, báwo ni yóò ṣe sọ fún ẹlẹ́yìn kankan pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbá bọ́ọ̀lù dànù lọ?

Den Haag ní Họ́láǹdì ló ti kọ́kọ́ dáńgájíá gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, kó tó lọ sí Feyenoord. Ní àṣekágbá 1970, ní Milan, Celtic ni àwọn èèyàn rò pé yóò gba ife Yúróòpù, Celtic náà ló sì kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Àmọ́ Jansen, Hasil àti van Hanegem ti Feyenoord kò jẹ́ kí wọ́n rójú ráyè ní àárín pápá. Israël dá a padà, Kindvall sì parí rẹ̀ nígbà tí àfikún àkókò ń tán lọ. Kò sí ẹgbẹ́ Họ́láǹdì tó ti gba ife yẹn rí ṣáájú wọn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àṣekágbá ife Yúróòpù ní Athens ní 1983. Hamburg tí Happel ń kọ́ nígbà náà rèé, Juventus rèé: mẹ́fà nínú àwọn tó gba Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé fún Ítálì lọ́dún tó ṣáájú, pẹ̀lú Platini àti Boniek. Happel tó máa ń fẹ́ kí oníkálukú ṣọ́ agbègbè rẹ̀ yí ọwọ́ padà lọ́jọ́ náà. Ó ní kí Rolff máa tẹ̀ lé Platini káàkiri. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tíì pé tí Magath fi gbá bọ́ọ̀lù láti apá òsì, tó gba orí Zoff kọjá sínú àwọ̀n. Platini kò rí ọ̀nà àbáyọ títí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ fi parí ní 1 sí 0. Ìmọ̀ gidi nìyẹn lójú mi: kéèyàn ní ìlànà, síbẹ̀ kó mọ ọjọ́ tí yóò yà kúrò lórí rẹ̀. Òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá àkọ́kọ́ tó fi ẹgbẹ́ méjì gba ife Yúróòpù.

Wọ́n sábà máa ń rántí ìpàdánù òun àti Họ́láǹdì tó ń kọ́ nígbà náà ní àṣekágbá Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Argẹntínà ní 1978, nígbà tí bọ́ọ̀lù Rensenbrink kọ lu òpó ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn kí àfikún àkókò tó bẹ̀rẹ̀. Èmi a máa rántí Club Brugge tó kọ́ lọ́dún yẹn kan náà. Wọ́n ti gba líìgì Bẹ́ljíọ̀m lẹ́ẹ̀mẹta léra, wọ́n sì dé Wembley láti bá Liverpool du ife Yúróòpù. Gólù kan ṣoṣo, ti Dalglish, ni Liverpool fi borí wọn. Títí di òní, kò tíì sí ẹgbẹ́ Bẹ́ljíọ̀m mìíràn tó dé àṣekágbá ife náà.