Àgbò Ojúpo Kì Í Jẹko

Ọdún kejì tí mo ń kọ́ṣẹ́ ọnà nílùú Ọ̀wọ̀ ni ọ̀gá mi ní kí n gbẹ́ òsanmásinmi, orí ènìyàn tó hu ìwo àgbò, tí àwọn ìdílé ńláńlá ń gbé sí ojúpo tí wọ́n ti ń bọ baba ńlá wọn. Mo jókòó ti àgbò kan lẹ́yìnkùlé, mo ń wò ó, mo ń gbẹ́. Ìwo tí mo gbẹ́ ká bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀gá mi yí ère náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní: "Ọmọ mi, àgbò tó ń jẹko lo gbẹ́. Ti ojúpo kì í jẹko." Ó mú ọ̀bẹ, ó fàlà sí ibi tí ìwo tòótọ́ yóò gbà: ó ki, ó ga, ó wúwo ju ojú lọ. Agbára òkú ọ̀run ló gbé síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo rí àwòrán kékeré kan nínú ìwé. Paul Sérusier ló kùn ún sórí pákó ní Pont-Aven, nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1888, tí ayàwòrán Paul Gauguin dúró tì í. Gauguin ní bí igi bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lójú rẹ̀, kó lo ọ̀dà tó pọ́n bẹ́ẹ̀, kó má ṣojo. Àwọn ayàwòrán tí à ń pè ní Impressionist ti ń lé ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé ara nǹkan. Gauguin àti àwọn Symbolist ń wá ohun tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Sérusier sọ pákó náà ní Le Talisman, ìyẹn ońdè. Ohùn ọ̀gá mi ni mo gbọ́.

Kì í ṣe pé a kò lè gbẹ́ ère tó jọ ẹni gẹ́lẹ́; àwa Ọ̀wọ̀ mọ ìjọra náà. Láyé àtijọ́, àkó, ère òkú ọlọ́lá tí a máa ń wọ̀ láṣọ olóògbé, máa ń jọ olóògbé débi pé ẹkún á gba ẹnu ọmọ rẹ̀. Àyàjọra ni à ń pè é. Àwọn ère amọ̀ sẹ́ńtúrì 15 tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wú jáde ní Igbó Lájà, nílùú Ọ̀wọ̀, náà ní ojú tó dà bí ẹni tó ń mí. Ọwọ́ tó mọ ìjọra ló yàn láti fi í sílẹ̀ nígbà tó bá dé ojúpo.

Lónìí, bí ẹnìkan bá gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ wá, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé: "Ṣé ojú bàbá lẹ fẹ́ máa rí ni, àbí agbára wọn?" Ìgbà tó bá dáhùn ni mo tó lọ wá igi.