Ọkọ̀ Afẹ́ àti Ohùn Sílíńdà Mẹ́fà

Iṣẹ́ lámèyítọ́ kò pin sórí ìwé àti ewì. Ohunkóhun tí ọmọ ènìyàn bá fi ọgbọ́n inú àti ìmọ̀ọ́ṣe dá, tí ó sì gbé síta fún aráyé láti wò, ó ti di ohun tí a lè yẹ̀ wò. Nínú àròkọ yìí, ọkọ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò: kì í ṣe akérò, kì í ṣe akẹ́rù, bí kò ṣe ọkọ̀ oníjòókòó méjì tí a máa ń ká òrùlé aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní roadster. Àlòkù rẹ̀ ni mo ń sọ, èyí tí òṣìṣẹ́ oṣù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè fi owó tí kò tó ti ọkọ̀ kékeré tuntun rà, kí ó sì máa gbé e jáde ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú.

Mo mọ àwọn tí yóò ta kò mí. Láàárín àwọn ará wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà ju ẹyọ kan lọ pé ọkọ̀ tí kò lè gba ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti àpò gàrí, ìnákúnàá ni. Èrò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí owó àjò kì í ṣe owó tí ń dùn ún rí. Síbẹ̀ n kò fara mọ́ ọn. Ta ni nínú wa tó ti bèèrè ìwúlò agbádá rí? Aṣọ tí yóò bo ara ẹni kò tó ìdajì èyí tí a fi ń rán an. Ìyókù tí à ń ká sí èjìká, tí ó tún ń yọ̀ wálẹ̀, afẹ́ ni. A kì í ní kí télọ̀ gé e kúrò. Ohun tí à ń bèèrè ni bóyá iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọrùn rẹ̀ dán mọ́rán, bóyá ó sì yẹ ẹni tó wọ̀ ọ́. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló yẹ ọkọ̀ afẹ́. Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n akẹ́rù wọ̀n ọ́n kò tíì bẹ̀rẹ̀ lámèyítọ́ rárá.

Ohùn ni ká kọ́kọ́ mú. Kí ló dé tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń tẹnu mọ́ sílíńdà mẹ́fà nígbà tí mẹ́rin ń gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ayé rìn? Agbára nìkan kọ́. Nínú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin, písítìn méjì ń gòkè bí méjì ti ń sọ̀ kalẹ̀. Èèyàn lè rò pé wọ́n ti ṣe déédéé, ṣùgbọ́n písítìn a máa yára nígbà tó bá wà ní apá òkè ìrìn rẹ̀ ju ìgbà tó bá wà nísàlẹ̀ lọ, ìyàtọ̀ yìí ló sì ń bí ìgbọ̀n kan tí ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyípo kọ̀ọ̀kan. Bí a bá to mẹ́fà sórí ìlà kan, méjì-méjì ni wọ́n ń rìn, ọ̀wọ́ mẹ́ta, tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan fi ìdá kan nínú mẹ́ta yíyípo ṣíwájú èkejì, ìgbọ̀n èyí sì ń pa ti ìyẹn. Ẹ rántí obìnrin mẹ́ta tó ń gún iyán nínú odó kan: ọmọ odó kan wà lókè, èkejì ń balẹ̀, ẹ̀kẹta ń gbéra, kò sí èyí tó kọlu ara wọn. Ohùn tó ń ti ibẹ̀ jáde kò já lágbede méjì. Ó ń kùn nígbà tí ọkọ̀ ń rọra lọ, ó sì ń di orin bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí òrùlé bá wà ní kíká, kò sí ohun tó wà láàárín etí wa àti orin náà mọ́.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn mọ àṣírí yìí tẹ́lẹ̀. Austin-Healey 3000 wà lórí àtẹ láti 1959 dé 1967, Triumph TR6 sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1976. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn ti di ohun àkójọ àwọn olówó. Àwọn ará Jámánì ni a óò yà lọ́dọ̀ wọn báyìí.

BMW Z3 ni gbajúmọ̀ inú wọn, sinimá ló sì sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Nínú GoldenEye ti ọdún 1995, wọ́n ka ohun ìjà inú rẹ̀ fún James Bond, ọkùnrin náà kò sì lo ẹyọ kan títí fíìmù fi parí. N kò mọ àpèjúwe tó ṣe rẹ́gí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọkọ̀ náà: ojú rẹ̀ ń ṣèlérí ohun tí ara rẹ̀ kò múra sílẹ̀ fún. Sílíńdà mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ títà rẹ̀; lẹ́yìn náà ni mẹ́fà dé, tí wọ́n sì fẹ ẹ̀yìn rẹ̀ lójú. Ṣùgbọ́n ìgbékalẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí wọ́n fún un, ti ọkọ̀ mìíràn tí ilé iṣẹ́ kan náà gbé jáde ní 1982 ni. Agbára tuntun wá ń fa irin àtijọ́, débi pé a mọ púpọ̀ nínú wọn mọ́ yíya ilẹ̀ búùtù, níbi tí dífà so mọ́.

Porsche Boxster ni iṣẹ́ ọnà tó pé jù. Wọ́n fi àwòkọ́ṣe rẹ̀ han aráyé ní Detroit ní 1993, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1996. Písítìn mẹ́fà rẹ̀ kò nàró. Wọ́n dùbúlẹ̀, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, wọ́n ń sọ ẹ̀ṣẹ́ sí ara wọn, àárín ara ọkọ̀ gan-an ni wọ́n sì gbé wọn sí, lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀. Nítorí náà, ó ń yí kọ́nà bí oníjó tí ìdí rẹ̀ fúyẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi iná iwájú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ẹyin díndín ni; èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Àbùkù rẹ̀ wà nínú, níbi tí ojú kò dé: bíárìn kan tó gbé ọ̀pá kan dúró nínú ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó bá bàjẹ́ lè ba gbogbo ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá tú jíà sílẹ̀ láti pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ni ọwọ́ lè tó o láti pààrọ̀ rẹ̀.

Mo wá kan èyí tí àwọn ènìyàn bú jù. Nígbà tí BMW Z4 jáde ní 2002, lábẹ́ Chris Bangle, ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ọkọ̀ ní ara rẹ̀ wọ́, pé ibì kan yọ, ibì kan sì kó wọnú. Mo rò pé ojú tí wọ́n fi wò ó ni kò tó. Ẹni tó bá ti dúró níwájú ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, èyí tó dé Lọ́ńdọ̀nù fún ìpàtẹ Wembley ní 1924, tó sì wà ní British Museum títí di òní, yóò mọ ohun tí mo ń wí. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ igi jìn, ère rẹ̀ yọ síta, kí ìmọ́lẹ̀ lè ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Ara Z4 ń ṣe irú rẹ̀: ẹ gbé e síta ní àṣálẹ́, kí ẹ rí bí òjìji ti ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ohun tí n kò lè gbèjà ni ọwọ́ ìdarí tí iná mànàmáná ń bá yí, tí kì í sọ gbogbo ohun tí táyà ń gbọ́ fún awakọ̀. Síbẹ̀, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì lítà mẹ́ta ni n óò ní kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ rà, torí pé àbùkù rẹ̀ ṣe é rí, ó sì ṣe é tún ṣe.

Èyí gbé mi dé orí ọ̀rọ̀ owó. Iye tí olùtajà pè kì í ṣe iye ọkọ̀. Nílé, a fún àlòkù lórúkọ ọmọ, a ń pè é ní tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìtàn lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àbọ̀ àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2005 wá, pẹ̀lú iye máìlì tí ọkọ̀ ti rìn àti ohun tí wọ́n bá lára rẹ̀. Ẹ kà á pọ̀ mọ́ àpò rìsíìtì bí ẹ ti ń ka oríkì ìdílé. Oríkì gidi kì í fi àléébù pamọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ ní 2016, tí rìsíìtì àtúnṣe rẹ̀ wà níbẹ̀, tù mí nínú ju èyí tó mọ́ lóló tí kò ní ìwé kankan lọ. Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ wò ó pẹ̀lú bóyá ọkọ̀ náà bá òfin èéfín mu, nítorí láti oṣù Ògún 2023 gbogbo àdúgbò ìlú náà ló wà lábẹ́ rẹ̀, pọ́n-ùn 12.50 sì ni owó ọjọ́ kan fún èyí tí kò bá a mu.

Kí ẹ tó sanwó Z4, ẹ ní kí olùtajà ṣí òrùlé náà, kí ó sì tì í, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ tí ń gbé e wà ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí omi ń kó jọ sí bí ewé bá dí ihò ìṣàn rẹ̀. Bí ó bá ń ké tàbí tí ó ń lọ́ra, omi ti dé ibẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún un ṣáájú pé ẹ kò fẹ́ kí ó tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan ìdérí iwájú. Bí ó bá ti gbóná, ẹ padà wá ní ọjọ́ mìíràn, ní òwúrọ̀, nígbà tí sílíńdà mẹ́fà náà ṣì ń sùn.