Ilé-Ìwé Orí Omi Mákòókò: Ta Ni Yóò Tọ́jú Ọnà?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, inú dánfó lórí Third Mainland Bridge ni mo ti kọ́kọ́ rí i nígbà tí mo wà ní kékeré: ilé onígun mẹ́ta tó léfòó lórí ọ̀sà ní Mákòókò, Yaba wa níbí. Kúnlé Adéyẹmí, ayàwòrán-ilé, ló ya á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ín. Ní July 2012, ìjọba wó ilé àwọn apẹja níbẹ̀. Ní 2013, ọkùnrin yìí ò ní kí wọ́n kúrò lórí omi. Pákó, ọparun àti dúrọ́ọ̀mù oníke ló fi kọ́lé alájà mẹ́ta fún wọn. Omi kún, ilé gbéra. Omi fà, ilé sọ̀ kalẹ̀. Ọnà tó gbọ́ èdè ibi tó wà nìyẹn.

Àmọ́ o! Ní May 28, 2016, èkejì rẹ̀ tó kọ́ sí Venice, Ítálì, gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà. Ní June 7, òjò rọ̀, ti Mákòókò wó. Ọlọ́run yọ wá, wọ́n ti kó àwọn ọmọ jáde ṣáájú. Iléeṣẹ́ rẹ̀ ní ìdánwò ni, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ la ti jà. Ta ni wọ́n yàn pé kó máa pààrọ̀ pákó tó bá jẹrà? Ọnà tó bá lóun fẹ́ ran ará ìlú lọ́wọ́, ìtọ́jú wà lára ọnà náà. Ewì wa tí ò dáa ò lè wó lu ọmọ ọlọ́mọ. Ilé lè wó.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé-ìwé ọmọ apẹja tó wó ńkọ́?