Skúrù Kọ́ Ló Jí Epo

Kí ojú mi tó rí ọkọ̀ tí epo rẹ̀ pọ̀ jù fún atẹ́gùn tó ń fà, imú mi á ti gbọ́ ọ. Bẹntiróòlù tí kò jóná tán ní òórùn tirẹ̀. Ó ń ta ojú, ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ìyàwó á sì tún gbọ́ ọ lára ẹni nílé. Òórùn yẹn ni Peugeot 404 Alájì kan gbé wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Basin, n'Ílọrin, nínú ọyẹ́, tòun ti èéfín dúdú bí ìgbà tí wọ́n ń sun táyà.

"Mẹkáníìkì, bá mi wò ó," ni Alájì wí. "Epo tó yẹ kó gbé mi dé Ìbàdàn, Ọ̀fà péré ni mo fi lọ tí mo fi bọ̀." Ó ní ọwọ́ mẹ́ta ti kàn án kó tó délẹ̀ yìí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yí skúrù.

Ọ̀rọ̀ skúrù yìí máa ń bí mi nínú. Skúrù kékeré ẹ̀gbẹ́ kábúrétọ̀ ò ju pé kó ṣe ìdíwọ̀n epo nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń kùn lábẹ́lẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ tọ́rótù, jẹ́ẹ̀tì ńlá ló gba iṣẹ́. Báwo wá ni skúrù ṣe fẹ́ jí epo lójú ọ̀nà Ọ̀fà? Ṣùgbọ́n òun ló wà níta, òun lọwọ́ tètè ń tó, òun ni wọ́n ń fìyà jẹ.

Bí mo ṣe pẹ́ tó nídìí iṣẹ́ yìí, kábúrétọ̀ ṣì ń yà mí lẹ́nu. Kò sí wáyà tó ń sọ fún un ohun tí yóò ṣe, kò sí kọ̀ǹpútà. Atẹ́gùn ń gba ọ̀nà ọ̀fun tóóró kọjá, eré tó ń sá níbẹ̀ ń fa epo jáde látinú abọ́, àwọn méjèèjì á sì pò pọ̀. Kílò epo kan ń fẹ́ nǹkan bíi kílò atẹ́gùn 14.7 kó tó jóná dáadáa. Ihò jẹ́ẹ̀tì ló ń wọn èyí. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ Solex, bíi 130, ń sọ pé ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 1.30. Bí ẹnì kan bá fi wáyà rò ó títí tó fi di 1.40, ojú ihò náà ti fi bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Irun ìrù ẹṣin ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń fi rò ó, n'Ílọrin tí irun ẹṣin ò ti wọ́n. Ó ní idẹ ò lè ṣẹ́gun irun, irun náà ò sì lè ṣẹ́gun idẹ.

Mo ní kí Alájì jókòó, mo sì tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Púlọ́ọ̀gì tí ara rẹ̀ dá máa ń ní àwọ̀ kùlíkùlì ní ẹnu. Ti Alájì dúdú kirikiri, ó sì gbẹ, bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi igi dáná sí. Ká ní dúdú náà tutù tó ń yọ̀, òróró ẹ́ńjìnnì là bá fura sí. Ká ní ọ̀kan ṣoṣo ló dúdú, iná púlọ́ọ̀gì yẹn là bá yẹ̀ wò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló rí bákan náà, nítorí náà orísun kan náà ló ń bọ́ wọn. Mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn òróró, mo gbóòórùn rẹ̀: bẹntiróòlù. Ìyẹn burú, torí epo tó bá ṣàn lọ sísàlẹ̀ ń fọ òróró kúrò lára sílíńdà, irin á wá máa họ irin.

Fítà atẹ́gùn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Lásìkò ọyẹ́, eruku ń dí i bí ẹni fi owú dí imú, ṣùgbọ́n tirẹ̀ mọ́. Mo wo ṣóòkù, ó ṣí tán. Mo wá tú ìdérí kábúrétọ̀.

Fúlóòtì inú rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí bọ́ọ̀lù inú táǹkì omi ń ṣe: bí epo bá kún tó, á gbéra, á ti abẹ́rẹ́ pa. Ti Alájì yìí, idẹ ni, òjé wàdùwàdù kan sì jókòó sí ìdí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti jó o. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Ọdún méjì ṣáájú ni fúlóòtì náà lu, tí mo fi ìkánjú lẹ òjé mọ́ ọn lọ́jọ́ Jímọ̀ kí n lè bá ìrun. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan tòun ti àlòkù mìíràn tí mo tọ́jú. Lórí òṣùwọ̀n rẹ̀, tèmi fi gíráàmù mẹ́ta wúwo ju ìkejì lọ. Fúlóòtì tó wúwo ń rì díẹ̀ kó tó ti abẹ́rẹ́ pa, epo inú abọ́ á ga ju ibi tó yẹ, ọ̀fun ò sì ní ṣe wàhálà kó tó fà á. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún Alájì, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti fura, òun kàn ò fẹ́ dójú tì mí ni òun fi lọ sọ́dọ̀ àwọn mìíràn.

Mo yọ́ òjé yẹn kúrò, mo ri fúlóòtì bọ omi gbígbóná kí n lè rí ibi tí yóò ti hó, mo jẹ́ kí epo inú rẹ̀ gbẹ tán jìnnà sí iná, mo sì jó o padà pẹ̀lú òjé tín-ín-rín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan skúrù.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ báyìí fẹ́ràn ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ọkọ̀ kó fi sọ àìsàn rẹ̀. N ò bá wọn jà. Èmi náà ti rà á. Àmọ́ kò síbi tí wọ́n fẹ́ kì í bọ lára 404. Volvo 144 S kan tó wá ní ọjọ́ kan ní kábúrétọ̀ SU méjì, ẹnu sì ya ọmọ iṣẹ́ mi nígbà tí mo gbé písítìnnì inú ọ̀kan sókè tí kò tó mìlímítà kan, tí mo tẹ́tí. Bí ẹ́ńjìnnì bá sáré tí kò sì rọlẹ̀, epo ti pọ̀ jù. Bó bá fẹ́ kú, epo kéré. Etí lásán ni gbogbo irinṣẹ́.

Alájì ṣì ń gun 404 rẹ̀. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan sì ti kọjá ẹgbẹ̀rún náírà ní 2024, òun fúnra rẹ̀ ló ń ka iye lítà tó ń rà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní 404, 504 tàbí Volkswagen Ìjàpá nílé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí skúrù yín kó tó to púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìwé ìròyìn, kí ẹ jọ wo àwọ̀ wọn.