Fèrèsé Tó Ń Ru Òrùlé

Bí ẹ bá ń rìn ní Peckham tàbí Camberwell, ní gúúsù London níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí, ẹ wo iwájú àwọn ilé bíríkì àtijọ́ tó lẹ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ní fèrèsé ńlá tó yọ síta kọjá ògiri. Bay window nìyẹn. Káfíńtà ni mí, fèrèsé àtijọ́ ni mò ń tún ṣe, kò sì sí iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn tó o.

Inú ògiri ni fèrèsé lásán máa ń jókòó sí. Bay window ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀, ògiri tirẹ̀ àti òrùlé tirẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Ojú mẹ́ta ló sábà máa ń ní: èyí tó tóbi jù kọjú sí títì, méjì tó kù dagun sọ́tùn-ún sósì. Òmíràn ní igun gígún, òmíràn tẹ̀ bí ọrun. Èyí tí kò kanlẹ̀, tó jẹ́ pé òkè nìkan ló ti yọ, oriel là ń pè é. Ẹni tó bá dúró nínú bay window á rí òkè títì, á rí ìsàlẹ̀ títì, láì yọrí síta. Nígbà òtútù tí oòrùn kì í gòkè tó, ìmọ́lẹ̀ tó bá fo ojú kan á gba òmíràn wọlé.

Láti ọdún 1696 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba owó orí lórí fèrèsé, àwọn kan sì ń fi bíríkì dí tiwọn. Gíláàsì náà ní owó orí tirẹ̀. Wọ́n fagi lé ti gíláàsì ní 1845, wọ́n fagi lé ti fèrèsé ní 1851. Kò pẹ́ tí bay window fi dé iwájú ilé àwọn akọ̀wé àti oníṣòwò kéékèèké.

Ohun tó jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún un ni ẹrù tó ń gbé. Àwọn tó kọ́ ọ fi àlàfo gbàgà sílẹ̀ lára ògiri iwájú, wọ́n sì tẹ́ igi ńlá kan sókè rẹ̀ láti gba bíríkì tó wà lórí. Ṣùgbọ́n òrùlé bay window fúnra rẹ̀, àti fèrèsé ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bó bá wà, àwọn òpó tó wà láàárín gíláàsì ló ń rù ú. Òpó yẹn lè jẹ́ bíríkì, tàbí òkúta tí wọ́n gbẹ́ ewé sí lórí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, igi férémù ni. Àwọn kan tó ń fi fèrèsé oníke rọ́pò ti onígi kò bìkítà fún èyí. Wọ́n á yọ òpó, wọ́n á ki ike bọ̀ ọ́, láìsí irin kankan nínú rẹ̀ tó lè gbé ẹrù. Mo ti wọ ilé tí òkè ti ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ògiri yàrá òkè ti sán, tí fèrèsé oníke náà kò ṣeé ṣí mọ́. Ó dùn mí wọnú egungun, nítorí igi tí wọ́n jù nù ti ru ilé yẹn fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ilẹ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Amọ̀ ni ọ̀pọ̀ London jókòó lé, amọ̀ sì máa ń súnkì nígbà ọ̀dá. Ìpìlẹ̀ bay window kì í sábà jìn tó ti ilé, nítorí náà ibi tó ti fara kan ògiri ilé ló máa ń kọ́kọ́ là.

Bí mo bá fẹ́ ṣe tuntun, igun ni mo kọ́kọ́ ń wá. Ìwé lè sọ pé ojú ẹ̀gbẹ́ dà ní 45 dígírì, pé kí a gé igi kọ̀ọ̀kan ní 22.5 kí méjèèjì lè pàdé. Ilé àtijọ́ kò mọ ìyẹn: ọ̀tún lè jẹ́ 43, kí òsì jẹ́ 46. Pákó tínrín ni mo máa ń gé bá ara ògiri títí yóò fi jókòó, òun ni mo sì ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù dípò nọ́ńbà. Óákù ni mo ń lò fún pákó ìsàlẹ̀. Ojú rẹ̀ á dagẹ̀rẹ̀ síta, màá sì la ojú ọ̀nà tóóró sí abẹ́ rẹ̀ nítòsí etí, kí omi òjò lè já bọ́ níbẹ̀, kó má rìn padà sára ògiri.

Inú òpó ni mo ti máa ń pẹ́ jù. Férémù méjì ló wà lójú kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gòkè wọ́n ń sọ̀ kọjá ara wọn. Okùn tó gba orí kẹ̀kẹ́ irin kékeré kọjá ló so wọ́n mọ́ irin tó rọ̀ sínú òpó oníhò. Mo máa ń gbé férémù pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n kí n tó yan irin. Irin méjèèjì ti férémù òkè gbọ́dọ̀ wúwo jù ú lọ díẹ̀, kó lè dúró sókè. Ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ fúyẹ́ jù ú díẹ̀, kó lè jókòó dáadáa. Bó bá pé, ìka kan tó láti gbé férémù ńlá. Níbi tí òpó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún irin, àwọn tó ṣáájú wa nínú iṣẹ́ máa ń gba okùn náà orí fèrèsé lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ìmọ́lẹ̀ má baà dín. Nísinsìnyí, àwọn onílé ń béèrè gíláàsì onípele méjì kí ooru má baà sá. Férémù ń wúwo sí i, inú òpó kò sì fẹ̀ sí i. Òjé ni mò ń so rọ̀ níbẹ̀ dípò irin, nítorí ó wúwo jù ú lọ nínú àyè kan náà.